Bọ́ọ̀sì Ẹgbẹ́ Gbénró

Inú ti ń bí Aníwúrà kí ó tó dé gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá níbẹ̀ ló sọ ìbínú náà di iná. Bọ́ọ̀sì funfun tí Ẹgbẹ́ Gbénró rà láti máa fi gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọ́n wé rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lára bí ọkọ̀ ìyàwó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń to àga sábẹ́ kánópì. Joel, awakọ̀ wọn, ń nu gíláàsì. Ọjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún àádọ́ta ọdún tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ìkọ̀yà.

"Joel, ṣáná sí mọ́tò yìí kíá! Àbùbákàr ti jábọ́ lórí ọ̀pẹ."

Joel káwọ́ lérí. "Háà! Mọ̀mí, nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí náà ni. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ló já. Ó wà nílẹ̀ lóko, kò lè gbé ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lórí rẹ̀. Ọlọ́kadà ní òun kò lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn òun, òótọ́ ló sì sọ."

Joel wo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Alága."

Alága náà kò pẹ́ jáde. Dominic ni orúkọ rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe tó ń kọ́lé káàkiri Okitipupa. Ó ti dé fìlà tuntun tí ẹgbẹ́ rán fún àjọ̀dún. Bó ti rí Aníwúrà, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ̀mí. A ti gbé àga yín síwájú. Ọmọ ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn."

"N ò wá jókòó. Kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà." Ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ fún un.

Dominic mí kanlẹ̀. "Ó mà ṣe o. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ló fẹ́ lọ gbé àwọn àlejò wa wá láti Okitipupa, wọ́n sì ti múra sílẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ aṣọ àga inú rẹ̀ ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sí i, ojú wo la ó fi wo àwọn èèyàn ńlá? Ẹ jẹ́ ká bá a wá ọkọ̀ mìíràn."

"Ọkọ̀ mìíràn dà?"

"Mọ̀mí, ká sọ òótọ́, Àbùbákàr kì í wá sípàdé mọ́. Kò dá aṣọ ẹgbẹ́ lọ́dún yìí. Òfin ẹgbẹ́ kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni."

Òfin! Ta ló fẹ́ kọ́ Aníwúrà ní òfin Gbénró?

Ọmọdé ni nígbà tí Olúsànyà, bàbá rẹ̀, jábọ́ lórí ọ̀pẹ. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ kankan kò lè wọ Ìkọ̀yà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ dúró yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń sunkún. Màmúdù ló dé, akọ̀pẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Mùsùlùmí tí òun pẹ̀lú Olúsànyà ti ń jà lórí ààlà oko, tí wọn kì í tilẹ̀ kí ara wọn. Màmúdù kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó lọ sílé, ó yọ ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀, ó tẹ́ ọ̀tá rẹ̀ lé e lórí, ó sì kígbe pé kí ẹni tó bá ní èjìká bọ́ síbí. Nínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi gbé e dé Okitipupa. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́sibítù, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ló ń ro oko rẹ̀, àwọn ló ń kọ ẹyìn rẹ̀, tí wọ́n ń gbé epo wá fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó padà dé, tí ẹsẹ̀ kan ti kúrú ju èkejì lọ, ó pè wọ́n jọ sílé. Ìyá Aníwúrà ro púpurú ẹ̀gẹ́, ó fi ẹja sebẹ̀. Ìyẹn ni ìpàdé àkọ́kọ́. Wọn kò mu ẹ̀jẹ̀, wọn kò gbé oògùn sáàárín. Ẹnu lásán ni wọ́n fi bá ara wọn sọ ọ́: ẹni tó bá ṣubú nínú wa, a ó gbé e, a kò ní bèèrè ibi tó ti ń kírun tàbí ibi tó ti ń kọrin, oko rẹ̀ kò ní di igbó níwọ̀n ìgbà tí àdá bá wà lọ́wọ́ wa. Wọn kò ní aṣọ, wọn kò ní alága. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le jù lọ́jọ́ náà ni olórí.

"Dominic," Aníwúrà ké, gbogbo àwọn tó ń to àga sì dúró. "Ta ni bàbá Àbùbákàr?"

"Mọ̀mí, a mọ̀. Màmúdù ni. Ìtàn yẹn wà nínú ètò wa, a ó kà á lónìí kí àwọn àlejò gbọ́."

"Ẹ fẹ́ kà á fún àlejò, ẹ kò fẹ́ ṣe é! Ọmọ Màmúdù ń kú lọ lóko, ẹ ń ṣọ́ aṣọ àga! Ojú kò tì yín?"

Ó yíjú sí bọ́ọ̀sì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já rìbọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má ba nǹkan jẹ́!" Dominic sáré wá. "Obìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí!"

"Nígbà tí ìyá mi ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò kó lè bọ́ wọn, ta ló rántí pé obìnrin ni?"

Philemon ló kọ́kọ́ ju àga ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló dàgbà jù nínú ẹgbẹ́. Ó rìn lọ bá Dominic, ó na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Bàbá, ẹ̀yin náà?"

Philemon kò ká ọwọ́ náà kò. Nígbà tó yá, Dominic sọ kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó pòṣé. Joel ló bẹ̀rẹ̀ mú un.

Wọ́n bá Tọ̀yíbà, ìyàwó Àbùbákàr, nídìí ọ̀pẹ, ó ti fi ìborùn rẹ̀ di orí ọkọ rẹ̀. "Ìyá Ṣìkẹ́mi, mo rò pé ẹ ò ní padà wá mọ́," ló wí fún Aníwúrà, ó sì bú sẹ́kún. Àbùbákàr di ọwọ́ Aníwúrà mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi." Wọ́n rọra gbé e wọnú bọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ sì dà sórí aṣọ àga tuntun náà dáadáa.

Wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Dókítà ní bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ì bá tán lára rẹ̀, àti pé kí ó gbàgbé ọ̀pẹ gígun.

Àjọ̀dún kò dúró. Àwọn àlejò wá nínú ọkọ̀ ara wọn, wọ́n ka ìtàn Olúsànyà àti Màmúdù, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Aníwúrà gbọ́ pé wọ́n pàtẹ́wọ́, ó ti oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Joel, tí wọ́n sì ní kí Philemon lọ rọ́kún nílé ná. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Aníwúrà yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ̀mí, ẹ kò lè wọlé," Dominic wí.

"N kò fẹ́ wọlé. Fọ́tò bàbá mi tó wà lára ògiri yín, ẹ yọ ọ́ fún mi. Ẹ yọ ti Màmúdù náà. Àwọn méjèèjì kò bá yín ṣe ẹgbẹ́."

Philemon dìde, ó yọ fọ́tò méjèèjì, ó jáde. Joel tẹ̀ lé e. Dámiláre, ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́, tẹ̀ lé e, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó kù ń wo ilẹ̀.

Dominic ṣì ni Alága títí di òní, bọ́ọ̀sì sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jáde náà ń lọ sóko Àbùbákàr ní gbogbo Sátidé, wọ́n ń ro ó. Nígbà tó lè fi ọ̀pá rìn, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ wò ó. Wọ́n gbé àga fún un sábẹ́ ibòòji. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi pariwo.

"Dámiláre! Ẹ̀gẹ́ lò ń gé yẹn, kì í ṣe koríko!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Aníwúrà kò lè rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ọkùnrin tó ti ń gun ọ̀pẹ láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ọ̀pá méjì ń gbé dúró báyìí, inú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ó ṣán ìró rẹ̀ mọ́ra, ó gba àdá lọ́wọ́ Joel, ó sì wọ inú ebè.