Ìkúnlẹ̀ Ayọ̀miídé

Dókítà ẹran gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé Bìngó níhà, ó tẹ́tí, ó tún gbé e sí ìhà kejì. Ajá náà ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí tábìlì. Àǹtí Ṣìmí ń fọwọ́ pa á lórí, ó ń pè é ní ọkọ òun. Láti Ìpọ̀nrí ló ti gbé e sáyà wá, ó fi àǹkárá tuntun láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yábàá wé e.

"Ṣé ó máa ń wúkọ́ tó bá dùbúlẹ̀?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà bi í bóyá ó tètè máa ń rẹ̀ ẹ́. Ó ní tó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta péré, á dúró. Dókítà ní ṣé ó máa ń jókòó sùn? Àǹtí Ṣìmí ń mi orí pé rárá, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ sílé. Ta ló ń jókòó sùn nílé òun? Bìngó kọ́. Ayọ̀miídé ni.

Ayọ̀miídé ni ìyàwó Akínlabí, àbúrò Àǹtí Ṣìmí. Iṣẹ́ gbé Akínlabí lọ sí Pọ́táàkọ́ọ̀tù, ó sì fi ìyàwó àti ọmọ tuntun sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Oṣù méjì rèé tí obìnrin náà ti ń jókòó sùn lórí àga pálọ̀, tó ń wúkọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó mu omi. Ó sọ ọ́ títí. Kí ni Àǹtí Ṣìmí wí? Ó ní ṣé Ayọ̀miídé ló máa kọ́kọ́ bímọ láyé ni. Èyí tó tiẹ̀ dùn ún jù ni ti ìkúnlẹ̀. Ìyàwó tó máa ń kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ kí ará ilé ọkọ tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń fara ti ògiri, tó ń tẹrí ba lásán. Àǹtí Ṣìmí ní àfojúdi ni, ó pe àwọn mọ̀lẹ́bí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ó rojọ́. Láàárọ̀ òní gan-an ló dúró lé e lórí pé kó kúnlẹ̀ dáadáa. Ayọ̀miídé kúnlẹ̀. Kò lè dìde mọ́. Ó nawọ́ sókè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà mí dìde."

Àǹtí Ṣìmí rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ajá ló gbé.

Dókítà ní ọkàn Bìngó lòun fura sí, àwọn máa ya àwòrán rẹ̀ kó tó lè dá àwọn lójú.

"Dókítà, tó bá jẹ́ èèyàn ńkọ́? Tí ẹsẹ̀ sì wú?"

Dókítà yọ ẹ̀rọ náà létí. "Èmi kì í tọ́jú èèyàn, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la."

Ojú ti Àǹtí Ṣìmí débi pé kò lè wo ajá pàápàá. Ó fi Bìngó sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, ó sáré relé. Ayọ̀miídé ti rápálá dìde; bó ti gbúròó ilẹ̀kùn ló ti di ògiri mú, ó ń tẹ orúnkún wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àǹtí Ṣìmí gbá a mú lábíyá, ó ní kó má kúnlẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ fún Mabel, aládùúgbò wọn, wọ́n gba ọsibítù lọ.

Dókítà ibẹ̀ fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ Ayọ̀miídé. Ojú ibẹ̀ jìn sínú, kò tètè padà. Ó bi í pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀miídé yíjú wo Àǹtí Ṣìmí.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan nílé."

Àǹtí Ṣìmí mọ̀ pé àṣírí òun ló ń bò! Ẹni tí òun fi sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ láàárọ̀ ló ń fi ìwọ̀nba èémí tó kù bo àṣírí òun. Dókítà sì ti ń kọ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀; irọ́ yẹn ni wọ́n máa fi wá àìsàn náà. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ikú ta ni, ẹ̀sín ta ni?

"Dókítà, oṣù méjì ni. Ojoojúmọ́ ló ń sọ fún mi."

Dókítà gbójú sókè, ó ní kí ló dé tí wọn ò fi tètè gbé e wá. Àǹtí Ṣìmí wo orúnkún Ayọ̀miídé. Eruku àárọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

"Mo rò pé kò fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi ni."

Dókítà fagi lé ohun tó ti kọ, ó tún un kọ. Ó ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ ya àwòrán ọkàn náà kíá. Àǹtí Ṣìmí nawọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Ayọ̀miídé tó dì í mú.