Àwo Tí Kò Lórúkọ

Èmi gan-an ni mo ní kí wọ́n tún àwo náà gé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn ni Adéṣínà ń gbé kiri báyìí bí ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá ti bi í, á ní, "Rodiat ló ní kí a tún un gé." Òótọ́ ni. Ìyẹn ló sì ń bí mi nínú jù.

Ọdún mẹ́rin la fi jọ ṣe orin dub techno, èmi àti Adéṣínà, ẹni tí mò ń pè ní ẹ̀gbọ́n, nínú yàrá kan ṣoṣo tó háyà lẹ́yìn gáréèjì Ìkòròdú. Orin yìí kì í ṣe ti ìnáwó o. Ìlù rẹ̀ ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, gbohùngbohùn á máa tẹ̀lé e, á máa jìnnà, títí á fi dà bí ẹni pé ògiri ló ń mí. Àwọn aládùúgbò máa ń bi wá bóyá jẹnẹrétọ̀ la ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òun ló ni ẹ̀rọ, èmi ni mo ni etí. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń lọ ṣe l'Ékòó. Tó bá di Sátidé, mo máa ń gbé fóònù mi kiri, mò ń fi ká ohùn.

Nílé wa ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ká èyí tó dára jù. Mo dúró létí ọ̀sà, mò ń gba ìró omi tó ń lu ìdí ọkọ̀, ni màámi bá yọ lẹ́yìn ilé, wọ́n pariwo: "Rodiat o! Wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ o!"

Inú bí mi. Mo ní, "Màámi, ẹ ti bà á jẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé omi ló máa bọ́ mi yó ni. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé wọn lọ. Kò sí ibòmíràn tí mo ti ní ohùn wọn. Wọ́n tún wá jí fóònù yẹn mọ́ mi lọ́wọ́ ní gáréèjì, ó wá ku ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà Adéṣínà.

Ohùn náà la fi ṣe ojú kejì àwo wa. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Jámánì gbà láti tẹ ọ̀ọ́dúnrún. Mo ṣèlérí fún bàbá mi pé orúkọ màámi, Ṣẹ̀rífátù, máa wà lẹ́yìn páálí rẹ̀, lábẹ́ orúkọ tèmi àti ti Adéṣínà. Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ káńsù, tún redíógíráàmù rẹ̀ ṣe nítorí ọjọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ tẹ àwo díẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí olórin kó yẹ̀ ẹ́ wò. Bébà àárín àwo ìdánwò yìí máa ń funfun báláú, kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹyọ kan ló kàn wá. Adéṣínà gbé e fún mi, ó ní, "Rodi, ìwọ letí wa. Gbọ́ ọ dáadáa."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹjọ. Nígbàkúùgbà tí màámi bá fẹ́ pe orúkọ mi, abẹ́rẹ́ á ta "kẹ́!" Mo ní àbùkù nìyí, kí wọ́n tún ibẹ̀ gé, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ohùn náà fín sára àwo kó lè mọ́. Mo kọ lẹ́tà, mo fọwọ́ sí i, mo tún dúpẹ́. Adéṣínà ní òun á bá mi fi ránṣẹ́. Mo gbé àwo ìdánwò náà lọ sílé, mo tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ aṣọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mò ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ nígbà tí mo rí i lórí fóònù pé àwo wa ti jáde. Orúkọ Adéṣínà nìkan ló wà lára rẹ̀. Mo ní àṣìṣe ni. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bá a wá àwíjàre.

Ní Sátidé, mo bá páálí ńlá nínú yàrá rẹ̀, ó ti tú u. Mi ò kí i. Mo yọ ẹyọ kan, mo gbé abẹ́rẹ́ lé ojú kejì. Omi lu ìdí ọkọ̀. Mo dúró de orúkọ mi.

"Wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ o!"

Gbohùngbohùn gbé e lọ. Màámi ò pe ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi dà?"

Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Rodi, calm down jàre. Wọ́n ní orúkọ ẹnì kan ló rọrùn láti polówó. Tí wọ́n bá ń gbọ́ Rodiat nínú orin, wọ́n á máa bèèrè pé ta ni."

"Kí wọ́n bèèrè! Kí ló burú níbẹ̀? Ohùn tí mo gbé fún yín ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́, kò sáyè nínú kọ̀ǹpútà mọ́. Àti pé ìwọ náà lo ní kí wọ́n tún ibẹ̀ gé. Lẹ́tà rẹ wà lọ́wọ́ wọn."

Ọdún mẹ́rin, "ẹ" ni mo fi ń bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ló tán. "Ìwọ Adéṣínà! O yọ orúkọ mi kúrò lẹ́nu ìyá mi tó ti kú! Ìwọ tí o jẹun níbi fìdáù wọn!"

Ó ní kí n rọra, kí lándílọ́ọ̀dù má baà gbọ́.

Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: etí mi ni aṣeni náà yá lò. Mo mú ẹyọ kan nínú àwo rẹ̀, mo jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Agbọ́wá lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwo méjèèjì wà nínú báàgì mi. Bàbá mi ti wọ jalabíà funfun, wọ́n ń retí mi. Wọ́n gba àwo tuntun, wọ́n wọ gíláàsì, wọ́n yí páálí náà síwá sẹ́yìn.

"Ibo ni wọ́n kọ Ṣẹ̀rífátù sí?"

"Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná, bàbá."

Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n mi orí. "Ohùn rẹ̀ ni. Àmọ́ ìyá rẹ kì í pe èèyàn jẹun láìdárúkọ. Ta ló ń pè?"

Mo yọ àwo funfun láti inú báàgì. "Èyí ní àbùkù o," mo ní. Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Omi, lẹ́yìn náà "kẹ́!", lẹ́yìn náà: "Rodiat o! Wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ rẹ o!" Gbohùngbohùn gba orúkọ mi, ó ń tún un pè, ó ń gbé e lọ.

Bàbá mi yọ gíláàsì ojú wọn. "Rodiat, ṣé o ò gbọ́ ni? Ìyá rẹ ń pè ọ́. Dá a lóhùn."

Mo lanu, ẹkún ló jáde. Ìgbà tí màá fi rí ohùn sọ pé, "Mò ń bọ̀, màámi," ìlù nìkan ló kù lórí àwo.

Bàbá mi nawọ́, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ náà padà sẹ́yìn.