Ta Ló Ka Omi Tsivikope?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú ṣe bí Màdáámù Dzigbordi tó lọ́jọ́ ìpàdé òbí yẹn, ẹ bi àwọn tó jókòó sí ìlà iwájú. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìyá yìí ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Tsivikope, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì rárá. Ìpàdé tí wọn kò pè é sí gan-an ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Ọ̀rọ̀ táǹkì omi ni. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè fẹ́ pín táǹkì fún ilé-ìwé tí kò bá ní omi, orúkọ Tsivikope kò sì sí níbẹ̀. Tsivikope etí ọ̀sà, tí omi kànga rẹ̀ níyọ̀ ju ọbẹ̀ lọ! Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ni àwọn ọmọ ń rù wá láti ilé láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Yayra, ọmọ kíláàsì kejì, dákú nínú oòrùn, nítorí omi ti tán kí wọ́n tó jáde ìsinmi.

"Wọ́n ní a ní omi," ni Senanu wí, òun ni ọ̀gá ilé-ìwé báyìí. "Wọ́n ní ó wà lórí ayélujára. Àfi tí a bá fi lẹ́tà tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ẹtì."

Màdáámù dìde. "Ẹni tó kọ irọ́ yẹn, màá wá a kàn. Tí mo bá rí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ru omi fún àwọn ọmọ wa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ṣé ẹ gbà?"

Gbogbo wọn gbà. Efo Kwadzo tó ń gbin àlùbọ́sà nawọ́ sókè. "Tó bá jẹ́ ọ̀gá ńlá kan ní Akra ńkọ́, Màdáámù?"

"Ṣé orí tirẹ̀ kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Senanu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màdáámù ti wà ní ọ́fíìsì Senanu kí ẹni tó ni ọ́fíìsì tó dé. Ó gbé abolo àgbàdo àti ẹja díndín dání, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì nu awò ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ máàkì ìdánwò.

"Màdáámù, ẹ ò ṣe jẹ́ ká kàn kọ lẹ́tà yẹn?" ni Senanu bẹ̀ ẹ́.

"Ká kọ lẹ́tà láì mọ ẹni tó purọ́? Tẹ̀ ẹ́ jàre."

Ojú ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n rí sọ pé mẹ́sàn-án nínú ilé-ìwé mẹ́wàá ní àgbègbè àwọn ló ní omi.

"Ta ló kà á?" ni Màdáámù bi í.

"Wọn ò sọ."

"Lọ́dún wo?"

"Wọn ò sọ ìyẹn náà."

"Jáde níbẹ̀. Oǹkà tí kò mọ ìyá tó bí i, èmi ò bá a ṣeré."

Èkejì jẹ́ ti ilé ìròyìn kan. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá kan náà ni, wọ́n wá fi àwòrán àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi sí i. Màdáámù ní kó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó wo ibi tí wọ́n ti mú un. Ojú ìwé àkọ́kọ́ yẹn náà ni. "O rí i? Ọ̀kan purọ́, èkejì ń bá a gbé e kiri. Ìjọba fúnra rẹ̀ ni kí o wá fún mi."

Ojú ìwé ìjọba kò kánjú ní tiẹ̀. Ó ń yí, ó ń yí, Màdáámù ti jẹ abolo méjì kó tó ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí, inú ìyá náà dùn dénú. Ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀, orúkọ gbogbo ilé-ìwé wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kà wọ́n ní ojú ewé kìíní.

"Èyí ní ìyá, ó ní bàbá," ló wí. "Senanu, gbọ́. Ẹni tó kà á, ọjọ́ tó kà á, bó ṣe kà á. Mẹ́ta ni. Má gbàgbé."

"Mi ò lè gbàgbé, Màdáámù. Ẹ ti nà mí nítorí rẹ̀ rí ní kíláàsì kẹrin."

Wọ́n rí Tsivikope. Omi: bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó dáhùn: ọ̀gá ilé-ìwé.

Màdáámù yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ nìyẹn."

"Èmi ni, mà. Ti ọdún tó ṣáájú ni mo dà kọ."

"Ta ló ní kí o dà á kọ?"

"Mo bá a bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa. Máa ṣí i lọ sẹ́yìn, ká rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Màdáámù, abolo yín ń tutù."

"Ṣí i."

Ó ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún tó tún ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n dé ọdún kẹfà sẹ́yìn, Senanu ti kọjú sí ọmọnílé kan lára ògiri. Ọdún keje, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún kẹjọ, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún kẹsàn-án: rárá.

"Ọdún kẹjọ," ni Màdáámù wí. "Ta wá ni ọ̀gá ibí nígbà…"

Kò parí rẹ̀. Senanu ṣì ń wo ọmọnílé náà.

Dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù ló wá sí Màdáámù lọ́kàn. Láyé ìgbà yẹn, alábòójútó máa ń ka fọ́ọ̀mù ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sókè níbi ìpàdé àwọn ọ̀gá. Lọ́dún tí wọ́n ka "rárá" ti Tsivikope, Màdáámù Esinam, ọ̀gá ilé-ìwé òdìkejì ọ̀sà, rọra wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Bí Dzigbordi ṣe lọ ra dúrọ́ọ̀mù nìyẹn, tó gbé e sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, tí òjò kún un lẹ́ẹ̀kan, tó sì kọ "bẹ́ẹ̀ ni" gàdàgbà. Nígbà tí wọ́n kà á, òun náà wo Esinam láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn gan-an. Dúrọ́ọ̀mù náà kò lo ọdún méjì tó fi là.

"O mọ̀," ló wí.

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti mọ̀, mà."

"Kí ló dé tí o kò tún un ṣe?"

"Ìwé tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín kọ? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di bírò mú?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Màdáámù, ẹkún ló jáde. Ojú tì í, ojú tì í gidigidi. Yayra ló ń rò, àti gbogbo ọmọ tó ti ru kẹ́ẹ̀gì wá láti ọdún mẹ́jọ nítorí ojú kan tí Esinam fi wò ó.

Senanu ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà: "Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀…"

"Àṣìṣe yẹn kò ní ìyá ni?" Màdáámù gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ ọdún tó kọ irọ́ náà, ó sì kọ bó ṣe ka dúrọ́ọ̀mù omi òjò kan sí omi. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà náà dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àgbègbè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Senanu dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Màdáámù ń bọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lórí, orúnkún rẹ̀ ń ráhùn. Efo Kwadzo àti àwọn òbí mìíràn ti tò sí etí ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìran náà ṣẹ́yìn òun.

"Ẹ pẹ́, Màdáámù," ni Senanu wí. "Agogo ti lù."

"Jẹ́ kí n sọ ẹrù mi, kí n tó dá ọ lóhùn."

Yayra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Òun ni wọ́n ní kó máa ka kẹ́ẹ̀gì. Ó kọ ọ̀kan sílẹ̀, ó yọjú wo inú kẹ́ẹ̀gì náà, ó sì wo ojú ìyá àgbà tẹ̀rùtẹ̀rù.

"Kò kún, Màdáámù."

Màdáámù mí kanlẹ̀. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kún."