Yàrá Tó Gbé Bẹ́ńṣì Mì

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Bàbá Pákó àti ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé náà, yàrá mẹ́rin ló ní, igbó ló sì yí i ká. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé ẹ̀yìn ìlú kí àwọn lè rí imú mí. Ìlú gbọ́. Ó dìde, ó wá bá wọn níbẹ̀.

Ọ̀nà ọlọ́dà ló kọ́kọ́ dé. Ilé ìwé tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọn ò sì dáwọ́ dúró. Àwọn kan ti ìgbèríko wá pẹ̀lú àpótí lórí. Àwọn kan ò tilẹ̀ rin ìrìn kankan, inú ìyá wọn ni wọ́n ti bọ́ sí àárín ìlú tààrà. Olú-ìlú ni. Gbogbo ẹni tó bá dé ló ń sọ pé òun ò ní pẹ́, kò sì sí ẹni tó ń lọ.

Nígbà kan, Bàbá Pákó mọ gbogbo ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà kọjá, ó sì mọ ìyá tó bí wọn. Ní báyìí, bó bá kí ènìyàn, onítọ̀hún á kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń kí.

Káfíńtà ni. Iṣẹ́ tí ìlú wá gbé lé e lọ́wọ́ ni yàrá pípín. Bí ayálégbé tuntun bá dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Onílé, á ké sí i: "Pákó! Gbé ayùn rẹ wá." Á gbé e wá. Á fi igi ṣe férémù, á kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ọn, yàrá kan á di méjì. Bí àwọn mìíràn bá tún dé, á tún pín in. Ó níbì kan tí ó ti la fèrèsé sí méjì; bí ẹni tó wà lápá kan bá fẹ́ afẹ́fẹ́, àfi kó bẹ ẹni kejì. Bí ènìyàn bá sì sín nínú ilé náà, yàrá mẹ́ta ló máa kí i pẹ̀lẹ́.

Ó ní bó ṣe ń ṣe é. Kì í kọ́kọ́ gé ẹnu ọ̀nà. Á gbé ògiri dúró tán ná, kó tó pe ẹni tó fẹ́ gbé inú rẹ̀, á fi téèpù wọn èjìká rẹ̀, á wá gé ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn lára bí ìgbà tí wọ́n ń rán ẹ̀wù. Ilẹ̀kùn tó bá fẹ̀, àyè bẹ́ẹ̀dì ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí ayálégbé kan tó sanra lẹ́yìn tó kó wọlé fi ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ yàrá rẹ̀ títí dòní, tó sì ń kí Bàbá Pákó láìrẹ́rìn-ín.

Ibì kan ṣoṣo ni ayùn rẹ̀ ò tíì kàn. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, níbi tí bẹ́ńṣì rẹ̀ wà. Igi líle ni bẹ́ńṣì náà, ó gùn, ó sì wúwo. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló máa ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Bẹ́ńṣì ṣì wà.

Orí rẹ̀ ni òun àti Télọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti ń ta dráfù. Orí rẹ̀ làwọn ọmọdé ń dojú bolẹ̀ sí láti ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Ẹni tó bá pọnmi dé á sọ ẹrù kalẹ̀ síbẹ̀, á mí kanlẹ̀. Bàbá Pákó ò ní ibòmíràn. Yàrá tirẹ̀ náà ti di ìdámẹ́rin yàrá, òun fúnra rẹ̀ ló pín in. Bó bá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún rẹ̀ á kan ògiri. Ó ń sùn níbẹ̀ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti Télọ̀ wà lẹ́nu dráfù, Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń bọ́ aṣọ ilé ìwé lọ́rùn ọmọ rẹ̀ kan, ó ń wọ̀ ọ́ fún èkejì. Ilé ìwé ti kún, wọ́n ti pín àwọn ọmọ sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán. Ìbejì kan bọ́ sí àárọ̀, èkejì bọ́ sí ọ̀sán. Ìyá wọn bá ra aṣọ kan ṣoṣo.

"Mámà, ó ti làágùn sí i," ni ti ọ̀sán wí.

"Òógùn ẹ̀jẹ̀ rẹ ni. Na ọwọ́ rẹ." Ó kọjú sí àwọn bàbá náà. "Kí ni mo fẹ́ ra méjì fún? Wọn kì í kúkú pàdé ní kíláàsì."

Ìyá Onílé ló yọ sí wọn.

"Pákó."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọmọ àbúrò wa ń bọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ti ríṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì."

"Ọlọ́run á kó wọn dé."

"Ìyàwó ti wọ oṣù rẹ̀."

"Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀."

"Ṣé orí mi ni kí wọ́n wá sùn sí?"

Bàbá Pákó ti ọmọ dráfù kan síwájú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ó wòkè, ó wolẹ̀, ó wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bàbá Pákó mọ ìwò yẹn. Kò sí ìgbà tó wo ibì kan bẹ́ẹ̀ tí ibẹ̀ ò di yàrá.

"Ibí yìí tó ènìyàn méjì," ló wí.

Télọ̀ fò dìde. "Ibí kẹ̀? Ìyá Onílé, ibi tí a jókòó sí?"

"Télọ̀, ṣé ìdí rẹ ló kọ́ ilé yìí ni?"

"Rárá o, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n òun ló mọ ibí jù."

"Bẹ́ńṣì ńkọ́?" ni Bàbá Pákó bi í.

"Gbé e síta."

"Ìta wo?"

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìta. Láàárín ilé wọn àti ilé kejì, ológbò tó bá rù nìkan ló lè kọjá.

"Gé e, nígbà náà," ni Ìyá Onílé wí. "Ẹni tó bá fẹ́ á fi dáná."

Bàbá Pákó wo bẹ́ńṣì. Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ àjèjì ló ti wá àyè fún nínú ilé yẹn. Kò wá lè sọ pé orí ọmọ àbúrò òun ni ilé kún dé.

"Ó dáa," ló wí.

"Ó dáa kẹ̀?" Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Níbo la ó ti máa ta dráfù? Inú ṣòkòtò rẹ?"

"Ìwọ ló kàn. Ta á."

Lọ́jọ́ kejì, ó kó igi jọ. Ó gbé férémù dúró, ó kan pákó àkọ́kọ́. Bẹ́ńṣì ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé kúrò. Ó fi í sílẹ̀. Ó ní òun á ṣe é tó bá yá. Ó mú pákó kejì, ó tún ní tó bá yá.

Ibi tó bá a dé rèé tí àwọn àlejò fi wọlé. Ọkọ kò tilẹ̀ jókòó. Ilé búrẹ́dì ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ. Ìyàwó ló kù, ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì yìí."

"Sinmi," ni Bàbá Pákó wí. Ìyàwó ti sùn lọ kó tó sọ ọ́ tán.

Bàbá Pákó gbé òòlù. Ìyá Ìbejì sáré yọ, ìka lẹ́nu. "Bàbá! Ẹ ò gbọdọ̀ jí i o! Ó ti ti àná wà lójú ọ̀nà."

"Iṣẹ́ ò tíì tán."

"Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́, nígbà náà."

Bàbá Pákó gbé òòlù sílẹ̀. Ó lọ mú ìṣó tí wọ́n ń yí, ó ń fi ọwọ́ yí wọn wọ inú igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé tó ń pariwo látàárọ̀ ṣúlẹ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ọmọdé ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Ẹnì kan sín nínú yàrá kan, ó di ẹnu mú. Kò sẹ́ni tó kí i.

Nígbà tí ògiri dúró tán, ó wá ku ẹnu ọ̀nà. Ó mú téèpù. Ó wo ìyàwó tó sùn. Kò bójú mu kí àgbàlagbà máa fi téèpù wọn ìyàwó ọmọ lójú oorun. Ọkọ ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá Pákó wọn èjìká ara rẹ̀, ó fi gé e. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Ó ń yí ìṣó tó kẹ́yìn nígbà tí Télọ̀ dé. Télọ̀ yọjú sínú yàrá tuntun.

"Pákó," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "bẹ́ńṣì ńkọ́?"

Bàbá Pákó náà yọjú. Bẹ́ńṣì wà nínú, ìyàwó wà lórí rẹ̀.

"Ó ń sùn," ló wí.

"Nígbà tó bá jí, ibo lo fẹ́ gbé e gbà?"

Bàbá Pákó wo bẹ́ńṣì, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo àjà. Kò ṣe é yí, kò sì ṣe é nà ró. Télọ̀ fi fìlà bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Ìyàwó jí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Yéè! Bàbá, ẹ ti kọ́lé mọ́ mi lórí?"

"Ẹ kú ilé tuntun," ni Télọ̀ wí.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ilé ìtọ̀ wà?"

"Ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún."

Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ikùn ò gbà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sí i. Ó tilẹ̀ burú sí i. Gbogbo ilé ti pé jọ, kálukú ń mú ìmọ̀ràn wá.

"Fa ikùn sínú!" ni ayálégbé tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé wí. Ọ̀rọ̀ náà yé e.

"Ta ló máa fà á, èmi àbí ọmọ?"

"Kó gbọ́wọ́ sókè!"

"Ṣé apá mi ló há ni? Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí o!"

Ìyá Onílé dé. "Pákó! O ti ti ìyàwó ọmọ mi mọ́lé!"

Bàbá Pákó ti dé ìdí ògiri. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń tú ìṣó. Ká ní òòlù ló fi kàn án ni, àfi kó fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tó yí wọlé ń yí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Odindi ògiri apá kan ṣí, ìyàwó sì kọjá lára wọn bí afẹ́fẹ́.

Bàbá Pákó dúró, ó gbá pákó mọ́ àyà. Ìgbà yẹn gan-an ni ìbejì àárọ̀ ti ilé ìwé dé. Ó gun bẹ́ńṣì, ó bọ́ aṣọ. Èkejì gun bẹ́ńṣì, ó wọ̀ ọ́, ó sáré lọ. Bàbá Pákó wò wọ́n. Ó gbé pákó ti ògiri, ó lọ síbi àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó kó híńjì jáde.

Kí ọkọ tó ti ibi iṣẹ́ dé, ògiri náà ti ń ṣẹ́ po bí ìwé. Bí wọ́n bá ká a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, bẹ́ńṣì ló wà lójú. Bí wọ́n bá fà á dé, yàrá ni, tìmùtìmù tí wọ́n ká sábẹ́ bẹ́ńṣì á sì di bẹ́ẹ̀dì. Bàbá Pákó fi ọwọ́ ìyàwó kan bọ́lìtì.

"Inú ló wà. Ìgbà tó bá wù ọ́, tì í. A ó dìde."

"Kí n tì í kí n máa wo pákó títí ọkọ mi á fi dé? Ẹ jókòó o jàre, Bàbá. Mi ò tíì mọ ẹnì kankan nílùú yìí."

Télọ̀ ti tẹ́ pátákó dráfù.

Ìyá Onílé fa ògiri náà síwá, ó fà á sẹ́yìn. "Ṣé yàrá rèé àbí ṣọ́ọ̀bù?"

"Lálẹ́, yàrá. Lọ́sàn-án, ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Hẹn-ẹ́n." Ó fọwọ́ kan híńjì. "Ìyẹn ni pé lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀."

Ó wòkè. Ó wolẹ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Bàbá Pákó mọ ìwò yẹn. Ó gbá ọmọ dráfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ sórí bẹ́ńṣì, ó sì di ojú.

"Pákó! Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀!"

Ìyá Ìbejì fi ìka sẹ́nu. "Ẹ rọra, Ìyá Onílé. Ẹ má jí i o, ó ti wọ oṣù rẹ̀."