Fídíò Tí Dárasími Wò Tán

Nínú èrò àwọn tíṣà tó ń wọ́ gììrì lọ síbi kọfí, lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ nínú oṣù August, ni ojú Ṣemílọ́rẹ àti ti ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ti ṣe mẹ́rin. Kọfí dà sí ọmọge lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó gbóná.

"Àǹtí, ọwọ́ yín ń jó o," ni ọkùnrin náà wí, ó na tíṣù sí i. "Àbí ojú mi ló ń jó yín ni?"

"Ta ni àǹtí ẹ?" Ṣemílọ́rẹ dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

Dérìntọ́ lorúkọ rẹ̀. Ìlú Mansfield, ní Amẹ́ríkà níbẹ̀, ló ń gbé, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ètò tuntun kan ni ọ̀gá iléèwé sì tìtorí ẹ̀ gbà á síṣẹ́. Flipped classroom ni wọ́n ń pè é: ọmọ á wo ẹ̀kọ́ lórí fídíò nílé, á wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní kíláàsì lójú tíṣà. Àwọn tíṣà ni yóò pinnu bóyá kí gbogbo iléèwé gbà á. Bí wọ́n bá gbà á, Dérìntọ́ ni yóò máa darí rẹ̀, iléèwé yóò sì bá a ṣe ìwé tí yóò fi máa gbé Amẹ́ríkà nìṣó. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kò síṣẹ́, kò síwèé. Nàìjíríà ló ń padà sí.

Ó ń wá kíláàsì kan tí yóò fi dán an wò. Ta ni yóò sọ pé rárá fún ẹni tí ohùn rẹ̀ lásán ń mú inú èèyàn dùn? Ṣemílọ́rẹ yọ̀ǹda kíláàsì tirẹ̀. Ìfẹ́ ti kó sí i lórí; kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi di olólùfẹ́.

Ọmọ kan wà níbẹ̀, Dárasími, tí kì í wo fídíò. Igun ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí àjèjì. Ni Ṣemílọ́rẹ bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí Dárasími máa wo fídíò lálẹ́. Àwọn yòókù ti ń fi í sílẹ̀."

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Ó máa wò ó. Tíṣà ti sọ ọ́, ó ti parí."

Obìnrin náà kò sọ pé fóònù kan ṣoṣo tí òun fi ń sọ̀rọ̀ yìí ló wà nílé, pé òun ló ń mú un lọ síbi iṣẹ́ òru, níbi tí òun ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ta ló fẹ́ kí tíṣà ọmọ òun mọ̀ pé òun ò ní? Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi fóònù sílẹ̀ fún ọmọ, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Mọ́tò kú sórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ ńlá. Kò sóhun tí yóò fi pe ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ létí ọ̀nà nínú òkùnkùn, ni trọ́ọ̀kì kan bá gbá a.

Nígbà tí Ṣemílọ́rẹ fi máa dé ọsibítù, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá Dárasími. Obìnrin náà rọra lajú.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ó wo fídíò yẹn o. Ó wò ó tán."

Ṣemílọ́rẹ la ẹnu. Ẹkún ló jáde.

Lọ́jọ́ ìpinnu, tíṣà kọ̀ọ̀kan ní láti kọ lẹ́tà, kó sọ bóyá òun gbà tàbí òun kọ̀. Dérìntọ́ ló ń gbà á jọ. Ó wá bá Ṣemílọ́rẹ nínú kíláàsì rẹ̀ tó ti ṣófo.

"Tìẹ ló kù, olólùfẹ́ mi. Àwọn tó gbà àtàwọn tó kọ̀ dọ́gba. Ọwọ́ ẹ ni mo wà."

"O ti gbọ́ nípa ìyá Dárasími?"

"Mo gbọ́. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n Ṣemí, fídíò kọ́ ló gbá a, trọ́ọ̀kì ni."

"Èmi ni mo pè é."

"A máa wá fóònù fún àwọn tí ò ní."

"Báwo la ṣe máa mọ̀ wọ́n? Màmá ẹ ńkọ́, ṣé wọ́n máa sọ fún tíṣà ẹ pé àwọn ò ní?"

Dérìntọ́ fa àga kan sún mọ́ ọn. Ó jókòó.

"Ó dáa, sọ fún mi pé o ṣì nífẹ̀ẹ́ mi."

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ìfẹ́ yẹn ni ò jẹ́ kí n béèrè bóyá wọ́n ní nǹkan tí wọ́n á fi wò ó kí n tó pàṣẹ."

"Bí o bá gbé lẹ́tà tó ní o kọ̀ fún mi, mò ń lọ nìyẹn o."

"Mo mọ̀."

Ṣemílọ́rẹ yọ lẹ́tà náà nínú báàgì, ó sì fi lé e lọ́wọ́.