Ọkọ̀ Ológun Kàsímù

Ọdún kẹrin lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ni Kàsímù Odùbánjọ ra ọkọ̀ náà ní gbàǹjo àwọn ológun. Kò sí ẹni tó bá a dù ú. Ẹ́ńjìnnì ti gan, igi ẹ̀yìn ti jẹrà, ẹyẹ sì ti yé sábẹ́ ìjókòó. Ṣùgbọ́n Kàsímù ti wa irú rẹ̀ rí lójú ogun. Ó mọ̀ pé táyà iwájú pẹ̀lú tẹ̀yìn ló jọ ń fà á, àti pé iyanrìn Ajah tó ń gbé mọ́tò ẹlòmíràn mì kò ní rí i gbé ṣe.

Ọdún kan ààbọ̀ ni òun àti Yẹ̀kínì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì, fi tún un ṣe lábẹ́ igi àgbọn lẹ́yìn ilé. Ohun tí wọn ò rí rà, wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dáhùn, Yẹ̀kínì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kàsímù nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé lọ sùn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó àgbọn, ẹja yíyan àti èrò láti Ajah lọ sí Màrókò. Tó bá fẹ́ wọ iyanrìn, á tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀ kó má bàa rì. Tó bá dé ilẹ̀ líle, á tún fi páǹpù ọlọ́wọ́ fẹ́ gbogbo rẹ̀ padà. Ọdún mẹ́fà ló ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá délé nírọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀, Sìdíkàt, ní í bá a bọ́ bàtà, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe títì dé. Nígbà òjò, katakata wọn rì sínú ẹrẹ̀ nítòsí Ìlásàn, ọ̀gá wọn, Bíọ́dún, sì wá bẹ Kàsímù pé kó fi ọkọ̀ rẹ̀ bá àwọn fà á.

Yẹ̀kínì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Fi í síbẹ̀ kó jẹrà. Ọjọ́ tí ọ̀dà bá dé Ajah, ta ni yóò tún wọ ọkọ̀ wa?”

Kàsímù mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ti le bí èèpo igi.

“Yẹ̀kínì, ó ti rẹ̀ mí,” ló wí. “Ó ti rẹ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú.”

Wọ́n so ṣéènì mọ́ katakata. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹrẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín rú lábẹ́ ọkọ̀ Kàsímù: kílọ́ọ̀ṣì ti jóná. Katakata tó fà yọ náà ló wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ délé. Bíọ́dún ṣèlérí pé òun á wá kílọ́ọ̀ṣì òmíràn, ó sì mú un wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yẹ̀kínì ló dè é.

Ọ̀dà dé Ajah lóòótọ́. Bọ́ọ̀sì kéékèèké tẹ̀ lé e, èrò sì ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fàúsátù ẹlẹ́ja ló kẹ́yìn. Ó gbé ẹja yíyan wá, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Kàsímù má bínú. Kàsímù ní kò ṣẹ òun, kó dìde. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún Yẹ̀kínì pé kó máa fi ṣiṣẹ́ ní ìhà Badore, níbi tí títì kò tíì dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ lọ gba oògùn ẹ̀yìn ní Màrókò. Òun náà wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀nà náà tẹ́jú, kò gbo ẹnikẹ́ni jìgìjìgì. Ó fẹ́ wo ibi tí katakata rì sí lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé Ìlásàn, oorun ti gbé e lọ.