Ìsun Tí Kì Í Gbẹ

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 2019, kí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ tó lù, ni dígà Àkànjí lu àpáta nílé Alàgbà Ọlọ́runnísọ̀lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò lè gbàgbé ọjọ́ náà, nítorí ọjọ́ náà ni èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ṣí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Àkànjí, kànga àti sókàwéè ló sì ń gbẹ́ jẹun láti ọdún pípẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni wọ́n jọ sọ pé sókàwéè náà máa jìn. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ló gbẹ́ tí àpáta fi dá a dúró.

"Bàbá, ihò yìí ò lè gba ìgbẹ́ ilé yín," ló wí. "Àpáta kì í mu omi. Ẹ jẹ́ ká sún un lọ sẹ́yìnkùlé."

"Ẹ̀yìnkùlé tí mo fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí?" Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Àkànjí, tìẹ ni kó o gbẹ́lẹ̀. Fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Bò ó."

Ó yẹ kí Àkànjí kọ̀. Kò kọ̀. Ó da kọnkéré bo ojú rẹ̀, ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́.

Kò pẹ́ tí ilé náà fi kún fún ayálégbé. Ìdílé méje, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn sínú ihò tí kò jìn tó sàréè. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn kan báyìí, tí odò àdúgbò gbẹ, tí ẹrẹ̀ nìkan kù nínú kànga, àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun tí Alàgbà jẹ́ olórí wọn rí omi kan tó ń sun láti inú pàlàpálá àpáta ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, létí odò. Ó mọ́ gaara. Kò gbẹ lóṣù Èrèlé, kò gbẹ lóṣù Ẹrẹ́nà. Wọ́n ní iṣẹ́ ìyanu ni. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ yí i ká, wọ́n tan àbẹ́là sí i, wọ́n sọ ọ́ ní Ìsun Àánú. Gbogbo wọn ló gbọ́n tó láti mọ iye tí ata já sí lọ́jà Takie láti àárọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbójú sókè kó béèrè pé ta ló ń da omi sórí àpáta nínú ọ̀dá.

Àkànjí ì bá má mọ nǹkan kan, bí kì í bá ṣe ti Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó fẹ́ awakọ̀ kan nínú ìjọ náà. Lọ́dún yìí, ọmọ Ọmọ́lẹ́wà, Dárasími, ọmọ ọdún méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí Àkànjí tó gbọ́. Nígbà tó dé, ojú ọmọ náà ti jìn wọnú, orí rẹ̀ ń yẹ̀ lọ́rùn.

"Kí lò ń fún un mu?"

"Omi Ìsun Àánú ni, Bàbá. Alàgbà ní ọjọ́ mọ́kànlélógún ni, ká má tíì gbé e lọ sọ́síbítù."

Àkànjí sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìsun náà. Ó wo pàlàpálá àpáta, ó wo òrùlé Alàgbà lókè, ó sì rẹ́rìn-ín ẹni tó jẹ ewúro tútù.

"Ọmọ́lẹ́wà, ìgbẹ́ àwọn ayálégbé lò ń fún ọmọ ẹ. Èmi ni mo gbẹ́ ihò ẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bú nǹkan Ọlọ́run! Ṣé ó ń rùn ni? Ẹ wò ó, ó mọ́."

"Olè náà máa ń wọṣọ tó mọ́."

Kò gbọ́. Àkànjí padà sí Ọ̀yọ́, ó lọ bá àwọn oníṣọ̀nà awọ, ó ra èròjà tí wọ́n fi ń pa awọ láró, ọ̀rá kan gbáko. Lọ́sàn-án Sátidé, ó lọ kí Alàgbà, ó ní inú ń run òun, wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn án. Ó da gbogbo ọ̀rá náà sí i, ó fi garawa omi mẹ́fà tì í lọ. Inú rẹ̀ ń dùn. Lọ́la, ó ní, afọ́jú á ríran.

Òmùgọ̀ ọkùnrin! Nínú gbogbo àwọ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀run, pupa ló rà.

Bí wọ́n ṣe jáde ìsìn lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n tò lọ sídìí ìsun, omi tó ń jáde ti pọ́n bí osùn. Obìnrin kan han:

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Halelúyà!"

Ó parí. Wọ́n rọ́ lu omi náà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, garawa, ife àti ọ̀rá. Ọkùnrin kan ti orí rẹ̀ tó pá sábẹ́ ẹ̀.

"Ẹ dúró!" Àkànjí pariwo. "Aró awọ ni! Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Alàgbà ni mo dà á sí lánàá!"

"Bàbá yìí, ẹ gbẹ́nu sọ́hùn-ún," obìnrin náà dá a lóhùn. "Ìgbẹ́ ta ló pupa rí?"

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ́lẹ́wà gan-an ò wo ibi tó wà. Ó pọn Dárasími, ó bu omi náà kún ife, ó kúnlẹ̀ níwájú Alàgbà. Kò sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ kọ́kọ́ mu níbẹ̀, kí n fi ìyókù fún ọmọ mi."

Alàgbà ti gbọ́ ohun tí Àkànjí sọ, ó sì mọ ihò ilé ara rẹ̀.

"Ààwẹ̀ ni mo wà, ọmọ mi."

"Ẹ kàn fi kan ètè, sà."

Alàgbà fà sẹ́yìn. Ife náà mì, díẹ̀ ta sí i lọ́wọ́. Kíá ló gbọn ọwọ́ náà, ó fi etí sùtánà nù ún, ó tún un nù, bí ẹni tí epo gbígbóná ta sí lára.

Ọmọ́lẹ́wà ń wo ọwọ́ náà.

"Bàbá," ó rọra wí, "ta ní í nu ẹ̀jẹ̀ Jésù kúrò lára?"

Alàgbà gbé orin sókè. Ìjọ gbè é. Ọmọ́lẹ́wà dìde, ó da ife náà sílẹ̀. Obìnrin tó han lẹ́ẹ̀kan ti na ọwọ́ sí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀: "Bí o ò bá fẹ́ mọ́, gbé e wá."

Ní ọsíbítù, ó tó ìgbà kẹta kí nọ́ọ̀sì tó rí iṣan lọ́wọ́ Dárasími. Ọmọ náà ké, igbe àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì mú bírò.

"Omi wo lọmọ yìí ń mu? Bóhóòlù ni àbí kànga?"

Àkànjí dorí kodò.

"Omi ìgbọ̀nsẹ̀ ni, mà," Ọmọ́lẹ́wà dáhùn. "Bàbá mi ló gbẹ́ ihò ẹ̀, Alàgbà mi ló súre sí i, èmi ni mo ń fi ṣíbí bù ú fún un."